Àfẹ́sọ́nà Tó Pa Àna Rẹ̀ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó yé yín pé orí mi pé. Mo mọ̀ pé eré ni eré. Mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá pa lórí tẹlifíṣọ̀n á dìde tí wọ́n bá ti pa kámẹ́rà, á gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù, á sì gba ilé lọ jẹun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé Ìdíátù oníbọ́tìnì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín eré àti òótọ́. Evelyn, tá a jọ ń gbé ilé kan náà, ti ń sọ ọ́ kiri ilé, mo sì ti fún un lésì tó tọ́ sí i.

Bọ́tìnì ni mò ń tà ní Mushin. Bọ́tìnì, síìpù, òwú, àti gbogbo ohun tí tẹ́lọ̀ máa ń gbàgbé láti rà títí oníbàárà wọn á fi wá dì wọ́n lọ́rùn mú. Àtàárọ̀ dalẹ́, irọ́ ni mò ń gbọ́. Tẹ́lọ̀ kan á ní bọ́tìnì tí òun rà lọ́wọ́ mi kò pé. Òmíràn á já síìpù sí méjì, á gbé e padà wá, á ní bí mo ṣe tà á fún òun nìyẹn. Ojú ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Kò sí tẹ́lọ̀ náà ní gbogbo àdúgbò yìí tó lè parọ́ fún mi kó mú un jẹ.

Bí èèyàn bá wá rí bẹ́ẹ̀, irú eré wo ló fẹ́ máa wò bí kò ṣe eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́? Inú Ọ̀ràn lorúkọ eyí tí à ń wò. Gbogbo ọjọ́ Àlàmísì ló ń jáde, lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì. Bó bá ti kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, Evelyn tó yá yàrá iwájú ilé wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà, á gbé àga rẹ̀ wá sí pálọ̀ mi. Tẹlifíṣọ̀n tèmi ló tóbi, íńtánẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ ló yá. Kò sí ohun mìíràn tó so wá pọ̀, torí ẹnu ọmọ yẹn kò dákẹ́ rí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Motọ́lání ni ọ̀gá ọlọ́pàá inú eré náà. Obìnrin bíi tèmi ni, ó sanra díẹ̀ bíi tèmi, sálúbàtà ló máa ń wọ̀ lọ síbi òkú, kì í sì í gbóhùn sókè. Ohùn yẹn nìkan la fi yàtọ̀. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan ń parọ́, ìbéèrè kan ló máa kọ́kọ́ bi í: "Kí lẹ jẹ lánàá?" Ó ní ẹni tó bá ń ro irọ́ tó fẹ́ pa kì í ráyè rántí oúnjẹ. Mo ti dán an wò lára àwọn tẹ́lọ̀. Òótọ́ ni.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ nínú eré náà nìyí. Alágbà Morákinyọ̀, onílé ńlá kan ní Èbúté Mẹ́ta, jókòó sórí àga rẹ̀, ó lá oyin, ó kú. Ẹnì kan ti po májèlé mọ́ oyin náà. Ta ni? Èmi ní Margaret ni, ìyàwó kékeré rẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń fún wíìgì rẹ̀ mọ́rí. Evelyn ní rárá, ó ní Dókítà Ṣùbòmí ni, ọkọ ọmọ olóògbé.

"Àǹtí, na Doctor," báyìí ló máa ń wí. "Ojú ẹ̀ ti clean jù. Ẹni tójú ẹ̀ bá clean báyẹn, something dey inside."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Torí pé ẹ ò mọ ọmọlúàbí mọ́ láyé yín."

Ẹ̀yin náà ìbá rí Dókítà Ṣùbòmí! Ọkùnrin jẹ́jẹ́. Á kọ́kọ́ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé bá ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin àna rẹ̀, ó fi aṣọ funfun jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fi aṣọ ìnujú funfun nujú, èmi náà ń fi etí ìborùn mi nu tèmi. Mo gbọ́wọ́ sókè níwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ní, "Ọlọ́run ọba, irú ọkọ báyìí ni kí o fún Husnah." Láti ọjọ́ náà, kò sí Àlàmísì tí mi ò gba àdúrà yìí.

Ọmọ àbúrò mi ni Husnah. Ọmọ náà ò tíì máa rìn nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí, ẹ̀yìn mi ló sùn dàgbà. Ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba báyìí, ibẹ̀ ló ti rí àfẹ́sọ́nà, Abdussalam, ọmọ Ṣakí. Mi ò tíì fojú kàn án. Bí mo bá ní kó fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, Husnah á ní kò fẹ́ràn fọ́tò. Bí mo bá sì ń gba àdúrà Dókítà Ṣùbòmí mi, ẹ̀rín á máa pa á, á ní, "Àmín o, Màámi," á sá wọ yàrá. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ní ìdílé wa, a kì í kánjú fọmọ fọ́kọ. À ń wádìí ni. A ó béèrè bóyá àrùn wà nílé wọn, bóyá wọ́n máa ń na ìyàwó, bóyá bàbá ńlá wọn jalè rí. Ẹ̀gbọ́n mi, Alàájì Ṣítù, tó jẹ́ olórí ẹbí wa, ti wádìí dé Ṣakí. Ó ní èèyàn dáadáa ni wọ́n, ó ní wọ́n tiẹ̀ di ẹran ìgbẹ́ fún òun. Ó kù kí ọmọkùnrin náà wá kí wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí èmi náà sì wo ojú rẹ̀. Ẹni tó tọ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nílé wa. Bí gbogbo ẹbí bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí mo bá ní rárá, rárá náà ni. Husnah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì ti sọ fún mi pé bí kì í bá ti í ṣe Abdussalam, kí n má ṣe ìyọnu wá ọkọ kankan fún òun mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí Àlàmísì fi dé, tí Motọ́lání gba ilé Dókítà Ṣùbòmí lọ.

Ó jókòó. Wọ́n gbé omi fún un, kò mu ún. Ó ní, "Dókítà, kí lẹ jẹ lánàá?" Dókítà ní ẹ̀bà. Motọ́lání ń wò ó. Dókítà ní rárá, ìrẹsì ni. Evelyn dìde dúró. Motọ́lání nawọ́, ó fa aṣọ ìnujú funfun yẹn yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé e símú, ó sín. Ó ní, "Róòbù." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Róòbù tí à ń fi pa imú nígbà òtútù ni ọkùnrin yìí fi ra aṣọ ìnujú, òun ló ń fa omi jáde lójú rẹ̀ níbi ìsìnkú! Ibẹ̀ ni wọ́n sì já eré sí. Ojú Dókítà ló kún gbogbo tẹlifíṣọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ilé kejì fi dá mi lóhùn. Mo bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ mi, mo sọ ọ́ lu tẹlifíṣọ̀n. Kò bà á, ẹ̀yìn Evelyn ló bà, Evelyn ò sì mọ̀ torí ijó ló ń jó.

"I talk am! Àǹtí, I talk am! Mo sọ fún yín!"

Inú mi bàjẹ́, ẹ má rò pé mò ń ṣe àwàdà. Mo ti sunkún nítorí ọkùnrin yìí. Mo ti fi í ṣe àdúrà. Èmi tí tẹ́lọ̀ ò lè parọ́ fún, róòbù ló fi tàn mí jẹ láti ọjọ́ yìí wá. Mo gbé fóònù, mo fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí wa. Mo ní, "Gbogbo ẹbí, ẹ bá mi ṣe àmín. Dókítà Ṣùbòmí, òpùrọ́ ni, apààyàn ni, àna rẹ̀ ló pa! Irú ọkùnrin yẹn kò ní gba ẹnu ọ̀nà ilé wa wọlé láéláé. Bó bá tiẹ̀ kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò ní mọ̀ ọ́n!" Àmín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn tí wọn kò wo eré náà rí ń ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n Ṣítù, tí rédíò nìkan ló gbà gbọ́, ṣe àmín títí mo fi rò pé ọwọ́ rẹ̀ há sórí fóònù.

Husnah nìkan ni kò ṣe àmín. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ojú rẹ̀ rí bákan.

"Màámi, ṣé ẹ ò rò pé ká sún Sọ́ńdè yìí síwájú díẹ̀?"

"Kí ló dé? Mo ti ra adìẹ."

"Kò sí nǹkan, mà."

Kò sí nǹkan kọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, kò jẹun. Ọjọ́ Sátidé, ó ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Mo ní ìtìjú ọmọge tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ ni.

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé. Ẹ̀gbọ́n Ṣítù ti wà ní pálọ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Mo wà ní ìdáná, mò ń yí adìẹ padà nínú epo gbígbóná, nígbà tí mo gbọ́ "Àsàlámù aléékùm" lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn náà kò ṣàjèjì sí mi. Mo ní níbo ni mo ti gbọ́ ohùn yìí rí? Mo nu ọwọ́, mo gbé omi tútù sórí àwo, mo jáde.

Dókítà Ṣùbòmí ló dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi.

Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Apààyàn!"

"Ẹ káàsán, mà," ó ní. Kò dìde nílẹ̀. Omi tútù ti dà sí i lórí.

"Ìdíátù!" ẹ̀gbọ́n mi ní. "Kí lo ń wí? Abdussalam nìyí. Àlejò wa nìyí."

"Ẹ̀gbọ́n, òun ló pa àna rẹ̀!"

"Ta ni àna rẹ̀? Àwa ṣáà ni àna rẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ti rí i pé ewu wà!"

Ìgbà yẹn ni mo wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ìgò ńlá kan wà níbẹ̀, ó ti ṣí i, ó sì ti ki ìka bọ̀ ọ́. Mo béèrè pé kí nìyẹn. Ó ní oyin ni, ó ní ìyá ọmọ náà ló fi ránṣẹ́ láti Ṣakí. Ó lá ìka. Ó ní ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo já ìgò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó ti ń yí. Kò yí. Ó kàn ń bínú nítorí oyin rẹ̀ ni.

Husnah ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin náà. Omijé ti ń dà lójú Husnah.

"Màámi, mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i lójijì ni, kí inú yín dùn. Ẹ̀yin lẹ ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní irú ẹ̀. Mo ní, 'Ah, Màámi máa pariwo.' Mi ò mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe eré yẹn máa sọ ọ́ di killer ní Thursday!"

"Ìwọ náà ò mọ̀?"

"Kò sọ fún mi, mà. Kò sọ nǹkan kan fún mi."

Mo jókòó. Mo tún ìborùn mi ṣe. Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi pé kí ni Motọ́lání máa ṣe bó bá jẹ́ òun, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀ bíi tirẹ̀.

"Abdussalam. Kí lo jẹ lánàá?"

Ó gbójú sókè. Ó wo Husnah. Ó wo mí.

"Mi ò jẹun lánàá, mà. Ẹ̀rù ń bà mí."

Èyí kò sí nínú ohun tí Motọ́lání kọ́ mi. Òógùn bò ó lójú, ó kọwọ́ bọ àpò, ó fa aṣọ ìnujú yọ. Funfun! Ká tó ṣẹ́jú, mo ti fò dìde, mo ti gbà á, mo ti gbé e símú. Mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, lápá ọ̀tún, lápá òsì. Lọ́fínńdà ni, àti ọṣẹ ìfọṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Alàájì Ṣítù ní. Nígbà tó bá rò pé mo ti ya wèrè ló máa ń pe èmi àbúrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ṣé kí n pe dókítà?"

"Dókítà ló wà nílẹ̀ yìí!"

Ọmọkùnrin náà wá ṣàlàyé. Ó ní àwọn tó ń ṣe eré náà ló háyà ọ́fíìsì tó wà lókè ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Sábó, ní Yaba, ẹni tó yẹ kó ṣe Dókítà Ṣùbòmí sá lọ sí òkè òkun, wọ́n rí òun lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní ojú òun jẹ́jẹ́, kí òun gbìyànjú. Ó ní kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ òun, eré kì í ṣe iṣẹ́ òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa.

Mo ní, "Mo mọ̀ pé eré ni. Mo mọ̀ pé o ò pa ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹkún tó o sun nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn, mo bá ẹ sun ún. Àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń parọ́ fún mi lọ́jà, kò sí èyí tí mi ò mọ̀, àfi tìẹ. Bí ìwọ bá wá ń parọ́ fún ọmọ mi lọ́la, kí ló fi máa mọ̀? Mi ò ní máa bá wọn gbé kí n máa bá a gbóòórùn aṣọ ìnujú."

Husnah bojú. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ká ọmọkùnrin yìí lára.

"Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mà," ó ní. "Òótọ́ lẹ sọ."

Ó yẹ kí n sọ "rárá" mi níbẹ̀, kí n sì padà sídìí adìẹ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún yín. Láti Àlàmísì, mi ò sùn. Ó ń yún mi. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Bóyá róòbù yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Bóyá Margaret ló fi í síbẹ̀. Ẹni tó sì mọ̀ ló wà nílẹ̀ níwájú mi yìí, nínú ilé mi, lórí kápẹ́ẹ̀tì mi.

Mo sún mọ́ ọn. "Ó dáa. Jẹ́ ká parí ẹ̀ báyìí. Ṣé ìwọ lo pa Alágbà, àbí ìwọ kọ́? Sọ fún mi. Bó o bá ti sọ ọ́, mo máa sọ bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó."

Ìrètí hàn lójú Husnah kedere. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Alihamudulilai, ó ti tán."

Abdussalam ní, "Mà, mo ti ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí á fi jáde lọ́jọ́ Thursday."

"Èmi ni ẹnikẹ́ni?"

"Ẹ kì í ṣe ẹnikẹ́ni, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ."

"Ọmọ yìí," ẹ̀gbọ́n mi ní, "obìnrin lo fẹ́ gbà àbí ejò lo fẹ́ mú? Sọ orúkọ kan fún un jàre! Orúkọ èyíkéyìí!"

Ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé. "Oga, just talk say na Margaret! She go gree!" Evelyn ni. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí àwo ti fọ́.

"Abdul, jọ̀ọ́," Husnah ní. "Sọ fún wọn. Nítorí mi."

Ó wo Husnah. Ẹ ò rí bí ó ṣe wò ó. Ó wá dorí kodò, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò lè sọ ọ́."

Mo dìde, mo lọ sí ìdáná. Adìẹ ti jóná lápá kan. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń bá adìẹ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ṣó o rí olóríkunkun? Mo gbé ìyàwó lé e lọ́wọ́, kò gbà. Kí ló ń ná an? Kó ní 'èmi kọ́ ni, mà.' Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn, ó sì mọ̀. Bí irọ́ bá tiẹ̀ ni, kí Àlàmísì tó dé, wọ́n á ti mú ọjọ́..."

Mo gbé ṣíbí dúró.

Kò sí irọ́ tó tún máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jùyẹn lọ láyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé e fún un. Evelyn ti bá a kó o jọ, ó tiẹ̀ ti dá orúkọ. Ọmọ tó fẹ́ fẹ́ ti bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omijé. Kó lanu ló kù. Ọkùnrin tó lè fi róòbù sunkún fún gbogbo Nàìjíríà, nígbà tí irọ́ kékeré kan fẹ́ gbé ìyàwó wá fún un, kò lè pa á.

Mo pa iná. Mo padà sí pálọ̀. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo na ọwọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé ìgò oyin sọ̀kalẹ̀, mo bu ṣíbí kan tó kún, mo gbé e sẹ́nu.

"Jésù!" Evelyn ní lẹ́yìn fèrèsé.

Mo dúró díẹ̀. Mi ò kú. Oyin náà dára, ó tiẹ̀ dára ju èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà. Mo ní, "Husnah, lọ bu oúnjẹ fún ọkọ ẹ. Kò jẹun láti àná." Ọmọ náà fò mọ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí fi bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìgò oyin rẹ̀ padà kó tó ṣàdúrà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tún fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù ẹbí. Mo ní, "Ọlọ́run ọba, àdúrà Àlàmísì yẹn, jọ̀ọ́, má dáhùn rẹ̀. Ti ẹnu ọ̀nà yẹn pàápàá. Ó ti wọlé." Kò yé ẹnì kankan nínú wọn. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, pálọ̀ mi kún. Ẹ̀gbọ́n Ṣítù fi rédíò sílẹ̀ wá. Evelyn gbé àga rẹ̀ àti ti àlejò wá. Abdussalam kò jókòó sórí àga, orí ẹní ló jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Husnah, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ mi. Mò ń wo ojú rẹ̀ kí n lè rí nǹkan kà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Ọmọ yẹn, ògiri ni.

Motọ́lání kó gbogbo wọn jọ sínú pálọ̀ olóògbé ní Èbúté Mẹ́ta. Ó ń rìn lẹ́yìn àga wọn jẹ́jẹ́, sálúbàtà rẹ̀ ń dún. Ó kọjá lẹ́yìn Margaret. Mo ní, "Padà sẹ́yìn, Motọ́lání, padà." Kò padà. Ó dúró lẹ́yìn Dókítà Ṣùbòmí. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, "Oyin tẹ́ ẹ gbé fún àna yín, níbo lẹ ti rà á?" Ọlọ́pàá kan yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Motọ́lání, fi ọmọ mi sílẹ̀!" mo ní. "Ọmọ mi ni! Ilé mi ló wà lọ́jọ́ yẹn! Ìyá rẹ̀ ló fi oyin ránṣẹ́ láti Ṣakí, èmi fúnra mi lá nínú ẹ̀, ṣé mo kú? Ìrẹsì ló jẹ! Mo fojú mi rí i, ìrẹsì àti adìẹ ló jẹ!"

Wọ́n ti ń mú un lọ. Motọ́lání kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Orin ìparí ti bẹ̀rẹ̀, mo ṣì dúró, ọwọ́ mi ṣì nà sí tẹlifíṣọ̀n. Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín, àní Evelyn pàápàá. Mo wolẹ̀. Abdussalam ti kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, omi kún ojú rẹ̀, kò sì sí aṣọ ìnujú lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi," ó ní. Títí di ọjọ́ náà, "mà" nìkan ló ń pè mí. "Ó ti jáde báyìí, mo lè sọ ọ́. Èmi ni mo pa á."

Mo fi etí ìborùn mi nù ún lójú.

"Mo mọ̀," mo ní. "Dákẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."